Kámẹ́rà Wáífáì, kámẹ́rà onísím, DVR àbí álààmù: èwo ló yẹ ilé yín?

Ẹni tó ń gbé Tánkẹ̀ n'Ílọrin tó kàn fẹ́ máa yọjú wo géètì ẹ̀ látibi iṣẹ́, àti ẹni tó wà l'Ékòó tó kọ́lé sí Òmù-Àrán tí ilé náà máa ń wà ní títì pa di ìgbà Iléyá àbí Kérésì, àwọn méjèèjì ò gbọ́dọ̀ ra nǹkan kan náà o. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá jọ wọ ṣọ́ọ̀bù kan, nǹkan kan náà ni wọ́n máa kó fún wọn, torí ohun tí àwọn tó ń tà á máa ń sọ ò ju pé ó ń yí ọrùn, ó ń ríran lóru, ó ń sọ̀rọ̀, megapíksẹ̀lì ẹ̀ pọ̀. Gbogbo ìyẹn dáa, mi ò ní kò dáa. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ti mọ̀ kẹ́ ẹ tó jáde nílé ni bí iná ṣe rí níbi tẹ́ ẹ fẹ́ fi í sí, nẹ́tíwọ̀kì tó ń ṣe dáadáa níbẹ̀, àti ẹni tó máa dé ibẹ̀ tí fóònù yín bá pariwo láago méjì òru. Ẹ̀kẹta yẹn ni mo kà sí jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ṣì máa débẹ̀.

Oríṣi mẹ́rin ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa báyìí. Kámẹ́rà Wáífáì wà, èyí tó ń lo ráútà àbí MiFi ilé. Kámẹ́rà onísím wà, ẹ máa ki sím 4G bọ̀ ọ́ nínú, púpọ̀ nínú wọn sì ní sọ́là tiwọn. DVR àti NVR wà, ìyẹn àwọn kámẹ́rà tí wọ́n fa waya wọn lọ sínú àpótí kan tó ní háàdì dísìkì. Ìkẹrin ni álààmù onísím tí kò tiẹ̀ ní àwòrán rárá, ṣe ló máa pè yín lórí fóònù. Àwọn kan á ní ká fi wáyà oníná orí fẹ́ǹsì náà kún un, ìyẹn dáa, àmọ́ kò sí nínú ohun tẹ́ ẹ lè máa wò láti ọ̀nà jíjìn, mo fi í sílẹ̀.

Wáífáì àti onísím

Kámẹ́rà Wáífáì ló rọjú jù, òun náà ló sì yá jù láti fi síbi tẹ́ ẹ fẹ́. Lára wọn ni Tapo tí TP-Link ń ṣe, EZVIZ tó ti ọ̀dọ̀ Hikvision jáde, Imou tó ti ọ̀dọ̀ Dahua jáde, àti àwọn tí kò lórúkọ gidi tí wọ́n kún ọjà, tó jẹ́ pé áàpù V380 ni wọ́n ń lò. Ẹ gbé áàpù sórí fóònù, ẹ so kámẹ́rà mọ́ Wáífáì, ẹ ti ń ríran nìyẹn. Ẹ ṣáà rántí pé púpọ̀ nínú wọn, 2.4GHz nìkan ni wọ́n ń gbà, tí ráútà yín bá ń gbé 5GHz jáde nìkan kò ní rí i, ẹ má bá ẹni tó tà á fún yín jà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ògiri búlọ́ọ̀kù ilé wa nípọn, tí ráútà bá wà ní pálọ̀ tí kámẹ́rà wà lókè géètì, tí ògiri mẹ́ta wà láàárín wọn, àwòrán á máa gé ni.

Iná ló máa ń já èèyàn kulẹ̀ lórí oríṣi yìí. Kámẹ́rà fúnra ẹ̀ ò jẹ iná púpọ̀, ọ̀pọ̀ wọn 5 fóòtì (5V) bíi ti ṣájà fóònù ni wọ́n ń lò, pawa bánkì lè gbé e. Ráútà ni wàhálà. Tí NEPA bá mú iná lọ tí ráútà kú, tí kámẹ́rà bá tiẹ̀ ṣì wà láàyè tó ń ká a sínú mẹ́mórì káàdì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níta ò ní rí nǹkan kan, áàpù á kàn máa kọ offline sí yín lójú. Kẹ́ ẹ tiẹ̀ wà lórí Band A tí wọ́n ní iná gbọ́dọ̀ wà fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, wákàtí mẹ́rin ló kù yẹn, ẹni tó fẹ́ wọlé yín ò sì ní torí ẹ̀ dúró de iná. Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra Wáífáì, ẹ ra UPS kékeré, ìyẹn bátìrì tó máa gba iṣẹ́ ṣe tí NEPA bá mú iná lọ, tó ń gbé 12 fóòtì fún ráútà àti 5 fóòtì fún kámẹ́rà pọ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà, ẹ kà á mọ́ owó kámẹ́rà. Tẹ́ ẹ bá ní ínfátà tẹ́lẹ̀, ẹ ríi dájú pé sókẹ́ẹ̀tì tí ráútà wà yẹn wà lára èyí tí ínfátà ń gbé. Ó máa yà yín lẹ́nu iye ilé tí ínfátà ń gbé tẹlifíṣọ̀n àti fáànù tí ráútà sì ti kú ní kọ̀rọ̀.

Onísím ò nílò ráútà, kò nílò NEPA, ìyẹn ló ṣe jẹ́ ààyò àwọn tó kọ́lé sílé tí wọn ò gbé ibẹ̀. Sọ́là ń ṣáájì bátìrì ẹ̀ lọ́sàn-án, ó ń lò ó lóru. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí wọn kì í sọ fún yín: púpọ̀ nínú àwọn oníbátìrì yìí ló ń sùn. Kì í ṣe pé wọ́n ń ká fídíò látàárọ̀ dalẹ́, sẹ́ńsọ̀ kan ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ooru ara èèyàn tó ń kọjá, òun ló máa jí kámẹ́rà, kámẹ́rà á wá bẹ̀rẹ̀ sí ká a. Ẹni tó bá rìn kíákíá, ẹ̀yìn ẹ̀ nìkan lẹ máa rí nígbà míì. Sẹ́ńsọ̀ ọ̀hún máa ń tètè gbọ́ ẹni tó ń gba iwájú ẹ̀ kọjá láti ọ̀tún sí òsì ju ẹni tó ń bọ̀ gbọọrọ síwájú ẹ̀ lọ. Nítorí náà ẹ má kọjú ẹ̀ sí ẹnu géètì tààràtà, ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ kan kó máa wo ẹnu ọ̀nà lápá kan. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè pé ṣé ó ń ká a láìdúró àbí ìgbà tó bá rí èèyàn nìkan. Tí kò bá mọ̀, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù míì.

Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ náà ńkọ́? Ọyẹ́ ìhà tiwa ń bọ̀ pẹ̀lú eruku, eruku yẹn á bo páànẹ́lì sọ́là títí kò fi ní ṣáájì mọ́, ó sì jẹ́ pé ìgbà ọyẹ́ gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń dá wà lẹ́yìn ọdún. Ẹ ní láti rí ẹni tó máa fi aṣọ tútù nù ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lásìkò òjò ẹ̀wẹ̀, oòrùn lè má ràn dáadáa fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ìgbà yẹn lẹ máa mọ bátìrì gidi yàtọ̀ sí ayédèrú. Ẹ jẹ́ kí páànẹ́lì dagun díẹ̀ sí apá gúúsù, ẹ má fi í sábẹ́ igi máńgòrò. Tí waya páànẹ́lì bá gùn, ẹ lè gbé kámẹ́rà sábẹ́ òrùlé kẹ́ ẹ sì gbé páànẹ́lì sórí páànù níbi tí oòrùn wà, kò pọn dandan kí wọ́n jọ wà lójú kan.

Nẹ́tíwọ̀kì wá ni. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí pé MTN ló dáa ní Ìgbàjà àbí Airtel ló dáa l'Ọ́fà. Ẹ fi sím yẹn sínú fóònù yín, ẹ gun àkàbà dé ibi tí kámẹ́rà máa wà gan-an, kì í ṣe ojú títì, kì í ṣe pálọ̀, kẹ́ ẹ sì pe ẹnì kan ní fídíò kọ́ọ̀lù lórí dátà ẹ̀. Ẹni náà ló máa sọ fún yín bóyá ó ń rí yín ketekete, torí ohun tí kámẹ́rà ń ṣe ni pé ó ń fi àwòrán ránṣẹ́ síta, ìyẹn upload, kì í ṣe download tí gbogbo wa fi ń wo fídíò. Ibi tó jẹ́ pé YouTube ń ṣí wàì, upload ẹ̀ lè má tó nǹkan. Ẹ tún gbìyànjú ẹ̀ lálẹ́ láàárín aago méjọ sí mẹ́wàá nígbà tí gbogbo èèyàn wà lórí ayélujára.

Ẹ máa kíyè sí sím yẹn fúnra ẹ̀ náà. Orúkọ yín àti NIN yín ni kó wà lórí ẹ̀, kì í ṣe ti ẹni tó wá fi kámẹ́rà síbẹ̀. Sím tó bá lo oṣù mẹ́fà láìsí pípè, láìsí dátà tí wọ́n rà sí i, wọ́n lè tì í pa, tó bá sì pẹ́ sí i wọ́n lè gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíì, nítorí náà ẹni tó rò pé òun á kàn fi sím síbẹ̀ tóun á máa ra dátà sí i nígbà tóun bá rántí, kó tún un rò. Ẹ gbé e sórí ètò tí á máa tún ara ẹ̀ rà lóṣooṣù.

Àwọn èèyàn yín tó wà l'Amẹ́ríkà tó fẹ́ fi kámẹ́rà ránṣẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n fara balẹ̀. Kámẹ́rà onísím tí wọ́n ṣe fún nẹ́tíwọ̀kì tiwọn lè má gbọ́ frequency tí nẹ́tíwọ̀kì tiwa ń lò. Kámẹ́rà Ring ní tiẹ̀, tí Amazon ra ní 2018, Wáífáì ló ń lò, tẹ́ ò bá sì san owó oṣooṣù, ẹ lè wò ó lójú ẹsẹ̀, àmọ́ kò ní tọ́jú fídíò kankan pamọ́ fún yín. Èmi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi máa san irú owó yẹn nígbà tí kámẹ́rà tó ní àyè mẹ́mórì káàdì wà níta.

DVR àti NVR

Tó bá jẹ́ ilé ńlá, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ṣọ́ọ̀bù, ilé ìwé, ilé epo, èyí ni kẹ́ ẹ rà, mi ò ní fọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín. Ó ń ká fídíò láti àárọ̀ di àárọ̀, kì í sùn, kò sì sí pé Wáífáì gé. DVR ń lo waya tó dà bí ti eriali pẹ̀lú waya iná 12 fóòtì, NVR ń lo waya nẹ́tíwọ̀kì tó jẹ́ pé iná àti àwòrán ń gba inú ẹ̀ pa pọ̀, wọ́n ń pe ìyẹn ní PoE, ó lè gùn tó mítà 100. Tẹ́ ẹ bá ṣì ń kọ́ ilé lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi páìpù waya sínú ògiri báyìí kí wọ́n tó rẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ lo NVR. Tí ilé bá ti parí, tẹ́ ò fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ògiri, ẹ ó san owó iṣẹ́ tó pọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ èèyàn jẹ níbí ni waya. Èyí tó jẹ́ bàbà látòkè délẹ̀ wọ́n, èyí tó jẹ́ álúmínọ́ọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lára kò wọ́n, ojú wọn sì jọra. Ẹ fi ọ̀bẹ họ ara ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, tí inú ẹ̀ bá funfun, álúmínọ́ọ̀mù ni. Tó bá gùn, iná tó ń dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà á ti rẹ̀wẹ̀sì, lọ́sàn-án ẹ ò ní mọ̀, tó bá di alẹ́ tí gílóòbù infrared inú kámẹ́rà, ìyẹn iná tí ojú wa ò lè rí tó fi ń ríran lóru, tàn tó nílò iná sí i, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí kú, á máa jí, á máa kú. Háàdì dísìkì náà, ẹ béèrè èyí tí wọ́n ṣe fún kámẹ́rà, bíi WD Purple àbí Seagate SkyHawk, ẹ má gba èyí tí wọ́n yọ lára kọ̀ǹpútà àtijọ́. Tí kámẹ́rà mẹ́rin bá ń lo megabit 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, 1TB máa tọ́jú nǹkan bí ọjọ́ 11 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí pa ti àtẹ̀yìnwá rẹ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lẹ máa ń ráyè yẹ̀ ẹ́ wò, 1TB ò tó yín.

Iná ẹ̀ ju ti àwọn méjì àkọ́kọ́ lọ. Ká ní DVR pẹ̀lú kámẹ́rà mẹ́rin ń jẹ wáàtì 50, bátìrì 12 fóòtì 100Ah tí kì í ṣe lithium, tẹ́ ò bá fẹ́ kó tètè bàjẹ́, ìdajì ẹ̀ lẹ lè lò, ìyẹn máa gbé e fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá tẹ́ ẹ bá yọ ohun tí ínfátà fúnra ẹ̀ ń jẹ kúrò. Ó tó gbé òru mọ́jú. Kò tó fún ibi tí wọ́n bá mú iná lọ ní ọjọ́ mẹ́ta.

Àrá tún ń ṣe é, ẹ má fojú di ìyẹn. Lásìkò tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀ l'Ílọrin, oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, ìjì àti mànàmáná máa ń pọ̀, waya bàbà gígùn tó ti orí fẹ́ǹsì bọ̀ sínú ilé sì jẹ́ ọ̀nà tó rọrùn fún un láti wọlé pa DVR àti ráútà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ní kí oníná yín ṣe earthing dáadáa, ìyẹn waya tó ń gbé iná àpọ̀jù lọ sínú ilẹ̀, ẹ sì fi surge protector, ohun tó ń dá iná àpọ̀jù dúró, sí orí iná àti sórí waya tó ń bọ̀ láti ìta. Àpótí DVR ẹ̀wẹ̀, ẹ má gbé e sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀, olè tó bá mọ nǹkan tó ń ṣe, òun ló máa kọ́kọ́ gbé. Ẹ tì í mọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ wà ṣùgbọ́n tí ojú ò tó. Orí sílíìnì gbóná jù lábẹ́ páànù, kò dáa fún háàdì dísìkì.

Álààmù onísím

Àwọn èèyàn ń fojú tín-ín-rín èyí torí kò ní àwòrán, èmi sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Àpótí kékeré ni, sẹ́ńsọ̀ máa wà lẹ́nu ilẹ̀kùn àti fèrèsé, tí ẹnikẹ́ni bá ṣí i, fèrè ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí ké nínú ilé, á sì pe nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi sínú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á tún fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Púpọ̀ wọn ò nílò dátà, 2G lásán tó fún wọn, ibi tó jẹ́ pé 4G ò dé, ìpè á wọlé. Bátìrì wà nínú ẹ̀ tó máa gbé e fún wákàtí díẹ̀ tí iná bá lọ. Ìpè yàtọ̀ sí nótífíkéṣọ̀n o. Nótífíkéṣọ̀n áàpù á kàn ṣe gbì lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó ń sùn ò ní gbọ́, ìpè á máa dún títí.

Èyí tó mú mi dé ọ̀rọ̀ fóònù yín. Tecno, Infinix àti itel tí ọ̀pọ̀ wa ń lò máa ń pa áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ kí bátìrì lè pẹ́. Ẹ lọ sínú setting, ẹ wá áàpù kámẹ́rà, ẹ sọ pé kó má fi òfin bátìrì dè é, ẹ jẹ́ kó máa bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀. Tẹ́ ò bá ṣe é, kámẹ́rà á rí olè lóru, ẹ̀yin á rí i ní àárọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ṣí áàpù.

Dátà tó máa jẹ

Fídíò tó ń lọ ní megabit kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan máa jẹ nǹkan bíi 450MB ní wákàtí kan. Tẹ́ ẹ bá ṣí i sílẹ̀ odindi ọjọ́ kan ó ti sún mọ́ 11GB. Ẹ rántí pé ọ̀nà méjì ló ti ń jẹ ẹ́, sím inú kámẹ́rà ń fi í ránṣẹ́, fóònù yín ń gbà á, ẹni tó bá ń wo pálọ̀ ẹ̀ látàárọ̀ ní ọ́fíìsì ń sanwó méjì. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó máa ká a sínú mẹ́mórì káàdì, tó jẹ́ pé fídíò ìṣẹ́jú àáyá 15 nìkan ló ń fi ránṣẹ́ tó bá rí èèyàn, ìkọ̀ọ̀kan ò ju bíi 2MB lọ, tó bá fi 50 ránṣẹ́ lójúmọ́, 3GB lóṣù ni. Iyàtọ̀ yẹn pọ̀. Nítorí náà ẹ tan ètò inú áàpù tó ń dá èèyàn mọ̀ yàtọ̀, kí ewúrẹ́ àti adìẹ àti ewé kájú tó ń mì má baà jẹ dátà yín tán. Ẹ yan àwòrán SD tẹ́ ẹ bá kàn fẹ́ yọjú, ẹ yan HD nígbà tẹ́ ẹ bá rí nǹkan tó fẹ́ àyẹ̀wò.

Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ kámẹ́rà yín?

Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà òde òní, òun fúnra ẹ̀ ló ń pe sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, fóònù yín náà á lọ bá a níbẹ̀, wọ́n ń pe èyí ní P2P, ẹ kàn scan QR ni. Ọ̀nà àtijọ́ ni kí wọ́n ṣí ihò sílẹ̀ nínú ráútà kí ẹ lè wọlé láti ìta. Tí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ ṣe é fún yín lórí MiFi, ẹ sọ fún un pé kì í sábà ṣiṣẹ́, torí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì máa ń kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníbàárà sẹ́yìn àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Kódà níbi tó bá ti ṣiṣẹ́, ìlẹ̀kùn tẹ́ ẹ bá ṣí fún ara yín, gbogbo ayé lẹ ṣí i fún. Ní 2016, fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Mirai wọ inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún kámẹ́rà àti DVR káàkiri ayé, kò sì ṣe idán kankan, pásíwọ́ọ̀dù tí ilé iṣẹ́ fi sínú wọn láti ilé náà ló ń gbìyànjú ẹ̀, àwọn tó ni ín ò yí i padà. Lóṣù kẹwàá ọdún yẹn, àwọn nǹkan yẹn ni wọ́n fi kọlu ilé iṣẹ́ Dyn, tí Twitter àti Netflix ò fi ṣí fún ọ̀pọ̀ èèyàn l'Amẹ́ríkà. Pásíwọ́ọ̀dù admin 12345 tó wà lórí DVR yín yẹn, ẹ yí i lónìí.

Ṣùgbọ́n l'ọ́dọ̀ wa níbí, ewu tó sún mọ́ yín jù lọ ni ẹni tó wá fi í síbẹ̀. Ẹ ó gbọ́ tí á ní, "Alhaji, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ẹ jẹ́ n fi email tèmi ṣí i, màá share ẹ̀ fún yín." Ẹ má gbà á rárá. Ẹni tí wọ́n fi email ẹ̀ ṣí i ló ni kámẹ́rà lójú áàpù, ẹ̀yin jẹ́ àlejò, ó lè máa wo ilé yín fún ọdún mẹ́ta láìsí pé ẹ mọ̀, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ yọ ọ́, àfi tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ yọ ọ́. Fóònù tiyín, email tiyín, pásíwọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ fọwọ́ yín tẹ̀, kí áàpù sì máa béèrè kóòdù kejì tí ẹlòmíì bá fẹ́ wọlé. Kí ẹ wá share fún ìyàwó, fún àbúrò, fún ẹni tẹ́ ẹ bá fẹ́. Awakọ̀ tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò kó tó jáde ní géètì.

Inú ilé ńkọ́? Èmi ò fọwọ́ sí kámẹ́rà nínú yàrá, mi ò sì fọwọ́ sí i ní pálọ̀ tí àwọn obìnrin ilé ti máa ń ṣí ìbòrí. Ilé tó ní ẹlẹ́hàá, kí kámẹ́rà má kọjá ẹnu ọ̀nà ìta, kí bàbá ilé sì sọ fún gbogbo ará ilé ibi tí ojú ẹ̀ dé. Ẹ wo ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò náà, tí ojú kámẹ́rà yín bá lọ wọ balùwẹ̀ ìta wọn, ìjà lẹ fowó ara yín rà yẹn.

Ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí

Kíákíá lèyí: mítà méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ló dáa, tó bá ga jù fìlà olè nìkan lẹ máa rí. Lẹ́ńsì 2.8mm ń rí gbogbo àgbàlá ṣùgbọ́n ojú èèyàn tó jìnnà á kéré, 4mm àbí 6mm ló dáa fún ẹnu géètì. Kí wọ́n kọ IP65 àbí IP66 sí i lára fún òjò. Aláǹtakùn máa ń ta òwú síwájú lẹ́ńsì, lóru infrared á bà á, gbogbo àwòrán á funfun, ẹ máa fi ọwọ̀ gbá a kúrò. Ẹ ṣètò aago ẹ̀ sí GMT+1, fídíò tí aago ẹ̀ kò bá ti tọ̀nà máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní tésàn ọlọ́pàá.

Ẹni tó máa débẹ̀

Kámẹ́rà ò lè di ẹnikẹ́ni mú. Ẹ wà ní Lekki, ẹ ń wo ẹnì kan tó ń já báglárì yín l'Ọ́fà, kí lẹ máa ṣe? Tí èsì ìbéèrè yìí ò bá sí, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Nọ́ńbà ọ̀gá ọdẹ àdúgbò, ti alága lándlọ́ọ̀dù, ti aládùúgbò tó kọjú sí yín, ti tésàn tó sún mọ́ ibẹ̀, kí wọ́n wà lórí fóònù yín pẹ̀lú orúkọ tẹ́ ẹ lè rí nígbà tí ọwọ́ yín bá ń gbọ̀n. 112 náà wà. Ẹ lọ kí àwọn ọdẹ yẹn ṣáájú, ẹ fi ilé hàn wọ́n, ẹ dá owó oṣù tí wọ́n ń dá, torí ẹni tí kò dá owó ọdẹ tó wá ń pè wọ́n lóru, ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa dá a lóhùn. Ẹ share kámẹ́rà ìta fún aládùúgbò kan tẹ́ ẹ fọkàn tán, òun ló máa yọjú lójú fèrèsé ẹ̀ kó sọ fún yín bóyá ewúrẹ́ ni àbí èèyàn. Tó bá sì jẹ́ pé àwọn tó gbé ìbọn ni, kí ẹnikẹ́ni má jáde, ọlọ́pàá ni kí wọ́n pè, ẹ sọ èyí fún aládùúgbò yín tẹ́lẹ̀.

Ibi témi dúró sí nìyí. Ilé yàrá mẹ́ta ní Tánkẹ̀ àbí Adéwọlé tẹ́ ẹ̀ ń gbé inú ẹ̀, tó ní ráútà: Wáífáì méjì, UPS kékeré, mẹ́mórì káàdì 128GB nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tó. Ṣọ́ọ̀bù lọ́jà Ọjà Ọba tí wọ́n ń tì lálẹ́: álààmù onísím àkọ́kọ́, kámẹ́rà Wáífáì kan lórí MiFi tó ní bátìrì tí owó bá tó, torí ibi tí ṣọ́ọ̀bù ti sún mọ́ra, fèrè yẹn làwọn ọdẹ ọjà máa gbọ́. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ilé ìwé, ilé epo: NVR, ẹ má wulẹ̀ ronú míì. Ilé tó dá wà ní Òmù-Àrán àbí Ìgbàjà: onísím pẹ̀lú sọ́là fún ẹnu géètì àti ẹ̀yìnkùlé, álààmù onísím fún ilẹ̀kùn, sím kámẹ́rà lórí nẹ́tíwọ̀kì kan kí sím álààmù wà lórí òmíì, kí méjèèjì má baà dákẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Tí owó bá máa tó ìkan péré, ẹ ra álààmù.

Kẹ́ ẹ tó san owó tó kù fún ẹni tó wá fi í síbẹ̀, ẹ ní kó dúró. Ẹ pa Wáífáì fóònù yín, ẹ lo dátà, kẹ́ ẹ rí i bóyá àwòrán máa ṣí. Ẹ pa iná ilé látibi mítà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ ní kí ọmọ kan gba géètì kọjá ní kíákíá, kẹ́ ẹ rí i bóyá fóònù dún, kẹ́ ẹ sì rí i bóyá ojú ọmọ náà hàn. Ẹ wá fídíò àná jáde, ẹ fi ránṣẹ́ sí fóònù míì. Ẹ wo orúkọ ẹni tó ni kámẹ́rà nínú áàpù. Èyí tí kò bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kó tún un ṣe lójú yín kó tó gba owó ẹ̀.